Ìbọn Afẹ́fẹ́ Àtijọ́ Kì í Kú Bọ̀rọ̀

Ní Sanson, ní ẹkùn Tchaourou, ohun èlò irin kì í tètè di ohun ìdànù. Ọkọ́ tó jẹ a padà sí ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ. Alùpùpù tó dákú a padà sí ọ̀dọ̀ mẹkaníìkì. Ṣùgbọ́n bí ìbọn afẹ́fẹ́ tí bàbá fi sílẹ̀ bá dẹ́kun iṣẹ́, ó rọrùn láti gbé e há òkè àjà kí a sì sọ pé ó ti kú. A yìn ín, ọta rẹ̀ kò lọ jìnnà. A tún un yìn, afẹ́fẹ́ lásán ló jáde. Síbẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà, irin rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Awọ kékeré inú rẹ̀ ló gbẹ.

Ìbọn afẹ́fẹ́, tí àwọn mìíràn ń pè ní kàrábíìnì, kì í lo ẹ̀tù. Irin kan wà nínú rẹ̀ tí a wé bí ejò tó ká. Bí a bá ṣẹ́ ọ̀pá ìbọn wálẹ̀, irin wíwé yìí yóò fún pọ̀, yóò sì dúró. Bí a bá fi ìka fà á, irin náà yóò nà lójijì, yóò sì ti pístọ̀nù síwájú. Pístọ̀nù yóò fún afẹ́fẹ́ pọ̀ nínú yàrá rẹ̀. Afẹ́fẹ́ náà yóò gba ihò kékeré kan jáde, yóò sì ta ọta òjé síta. Fífẹ̀ ọta náà kò ju 4.5 mm tàbí 5.5 mm lọ nínú ọ̀pọ̀ wọn.

Nínú ìbọn àtijọ́, awọ ni a fi dé orí pístọ̀nù, kí afẹ́fẹ́ má bàa sá sẹ́yìn. Ẹni tó ti tú pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ rí ti rí irú awọ bẹ́ẹ̀: ó dà bí ife kékeré. Bí awọ pọ́ǹpù bá gbẹ, a lè fẹ́ títí kí táyà má wú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti ìbọn. Ojú ọjọ́ ilẹ̀ Borgou kò sì ṣàánú rẹ̀. Ọyẹ́ a máa gbẹ awọ títí yóò fi sán; òjò a sì máa mú kí irin dípẹtà.

Kì í ṣe òní ni alágbẹ̀dẹ ti ń tún irú ìbọn yìí ṣe. Ní nǹkan bí ọdún 1780, àwọn ọmọ ogun Austria gba ìbọn afẹ́fẹ́ tí Girardoni ṣe. Láti ọdún 1804 sí 1806, Meriwether Lewis àti William Clark rin ìrìnàjò la ilẹ̀ Amẹ́ríkà já dé etí òkun ní ìwọ̀ oòrùn. Lewis mú ìbọn afẹ́fẹ́ kan dání. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún 1805, létí odò Missouri, John Shields, alágbẹ̀dẹ ẹgbẹ́ wọn, fi irin tuntun rọ́pò irin tí ń ta nínú ìbọn náà. Kò sí ilé ìtajà kankan nítòsí. Lewis kọ ọ́ sínú ìwé ìrìnàjò rẹ̀ pé Shields kò kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá, síbẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ló ń rọ ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ rẹ̀, ó sì mọ iṣẹ́ igi àti ti irin dáadáa. Irú ọlọ́wọ́ pípé bẹ́ẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n ní ilẹ̀ wa.

Kí alágbẹ̀dẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, kí ó kọ́kọ́ wo ara ìbọn náà. Àmì tí a tẹ̀ sí i lè sọ ibi tó ti wá. BSA ti ìlú Birmingham bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ìbọn afẹ́fẹ́ ní ọdún 1905. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe Diana bẹ̀rẹ̀ ní Jámánì ní ọdún 1890. Diana ni òrìṣà ọdẹ àwọn ará Róòmù àtijọ́, bí Ọ̀ṣọ́ọ̀sì ti jẹ́ láàárín Yorùbá. Nínú àmì náà, ó gbé ìbọn sókè, ó sì ju ọrun àti ọfà rẹ̀ nù. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ayùn irin rẹ́ àmì tàbí nọ́ńbà. Ìtàn ìbọn náà ni.

Lẹ́yìn èyí, kí ó rí i dájú pé kò sí ọta nínú rẹ̀. Kí ó má ṣe fi ìka fà á nígbà tí ọ̀pá rẹ̀ wà ní ṣíṣẹ́: ọ̀pá náà lè fò padà, kí ó sì gé ìka. Irin wíwé tún léwu. Kódà nígbà tí ìbọn wà ní ìsinmi, irin náà ṣì ń ti nǹkan. Ẹni tó bá tú u láìfi irin ìdìmú dè é lè rí i kí ó fò lu òun lójú. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi.

Bí ó bá ti tú u tán, kí ó fi epo àtùpà fọ gíríìsì àtijọ́ kúrò, kí ó sì nu ibẹ̀ gbẹ. Kí ó rẹ awọ màlúù tuntun sínú omi títí yóò fi rọ̀. Kí ó tì í sínú ihò igi tó bá fífẹ̀ yàrá afẹ́fẹ́ mu, kí ó lè dà bí ife. Ibòji ni kí ó ti gbẹ, kì í ṣe ẹ̀bá iná. Lẹ́yìn náà, kí ó fi ọ̀rá màlúù tó yọ́, tí kò gbóná jù, rẹ ẹ́, kí ó sì nu èyí tó bá ṣẹ́kù. Òrùka awọ ìdí ọ̀pá ìbọn náà ń fẹ́ àyẹ̀wò. Bí gbogbo rẹ̀ bá ti padà sípò, kí ó gbé pépà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé oríkèé ibẹ̀, kí ó sì yin ọta kan sínú òkìtì yẹ̀pẹ̀. Bí pépà bá fò, afẹ́fẹ́ ṣì ń jò.

Àṣìṣe kan burú ju ìyókù lọ: dída ẹsáǹsì, gásóòlù tàbí epo mìíràn sínú yàrá afẹ́fẹ́ kí ìbọn lè “lágbára”. Ẹ̀rọ ọkọ̀ tí ń mu gásóòlù kò nílò ohun tí yóò ṣáná fún un. Afẹ́fẹ́ tí a fún pọ̀ gbóná débi pé epo ń gbiná fúnra rẹ̀. Ohun kan náà lè ṣẹlẹ̀ nínú ìbọn. Ó lè ba irin wíwé àti awọ jẹ́, ó sì lè ṣe ẹni tó dì í mú léṣe.

Igi ìbọn kò fẹ́ ju aṣọ tútù díẹ̀ àti ìda oyin lọ. Ìpẹtà kò fẹ́ ju òróró àti sùúrù lọ.

Ìbọn tó sọjí kì í ṣe ohun ìṣeré. Ọta òjé kékeré lè fọ́ ojú ọmọdé, ojú tó bá sì fọ́ kò ní alágbẹ̀dẹ. Nítorí náà, kí onílé béèrè ní kọmisáríà ohun tí òfin sọ, kí ó sì tọ́jú ìbọn sí ibi tí ọwọ́ ọmọ kò tó. Bí bàbá bá fi ìbọn sílẹ̀ fún ọmọ, kí ó fi ìṣọ́ra sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.