Ṣé Owó Ọ̀yà Ni Ògo Ọ̀run, Àbí Ogún Ọmọ?

Ìbéèrè kan ń da ọkàn ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ láàmú: ṣé ìgbọràn wa ni a ó fi ra ògo tí Ọlọ́run ṣèlérí? Ìyá tí kò lè lọ sí ìsọ́ òru nítorí àìsàn ọmọ a máa rò pé ògo òun ti dín kù. Ẹlòmíràn ẹ̀wẹ̀ a ní oore-ọ̀fẹ́ ti tó, a sì máa fi òṣùwọ̀n èké ra kòkó lọ́wọ́ aládùúgbò rẹ̀. Àwọn méjèèjì ló ṣìnà.

Ẹ jẹ́ kí a lọ sí oko kòkó ní agbègbè Lálúpọn tàbí Àkànrán. Alágbàṣe á roko, á gbowó rẹ̀, á sì máa lọ. Ọmọ olóko náà á roko, ṣùgbọ́n kì í béèrè owó ọ̀yà. Kì í ṣe ọkọ́ ló sọ ọ́ di ọmọ. Jíjẹ́ tó jẹ́ ọmọ ló jẹ́ kó gbé ọkọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni Pọ́ọ̀lù kọ́ wa nínú Róòmù 8:30: Ọlọ́run kan náà tó pè wá, tó dá wa láre, ló ń ṣe wá lógo. Ṣùgbọ́n ẹsẹ 17 so ògo àwọn ajogún mọ́ bíbá Kristi jìyà. Ṣé Pọ́ọ̀lù ta ko ara rẹ̀ ni? Rárá o. Ìjìyà kì í ṣe owó tí a fi ń ra ogún. Ọ̀nà tí àwọn ọmọ ń bá Olúwa wọn rìn ni. Ọmọ tí kò fẹ́ bá baba rẹ̀ dé oko láéláé, kó yẹ ara rẹ̀ wò.

Ẹ rántí David Hinderer àti Anna aya rẹ̀, tí wọ́n wá tẹ̀dó sí Ìbàdàn ní 1853, tí ìjọ Kúdẹtì sì ti ọwọ́ wọn bẹ̀rẹ̀. Nígbà ogun Ìjàyè tó bẹ̀rẹ̀ ní 1860, ọ̀nà dí, ebi pa wọ́n, síbẹ̀ wọn kò kọ àwọn ọmọ tí wọ́n ń tọ́ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà sílé ní 1869, Daniel Olúbí, tó ti bá wọn ṣiṣẹ́, ló ń bójú tó iṣẹ́ náà. Ẹ̀bùn Ọlọ́run ni wọ́n ń wàásù; ẹni tó ti gba ẹ̀bùn kì í fi ebi rà á mọ́.

Ìyá ọlọ́mọ, fọkàn balẹ̀, Baba rẹ mọ ibi tí o wà. Ìwọ olóṣùwọ̀n èké, ronú pìwà dà lónìí.

Olúwa, fún wa ní ọkàn ọmọ, má jẹ̀ẹ́ kí á sìn Ọ́ bí alágbàṣe. Ní orúkọ Jésù. Àmín.