Àmì-Ẹ̀yẹ Ogun: Bí A Ṣe Ń Mọ Ojúlówó àti Bí A Ṣe Ń Tún Un Ṣe

Bí a bá tú àpótí àwọn àgbà ní Ìlúpéjú, ní Agége tàbí ní ìlú mìíràn nílẹ̀ Yorùbá, a lè bá irin roboto kan níbẹ̀, tàbí èyí tí a ṣe bí ìràwọ̀, tí a fi ọ̀já aláwọ̀ mèremère so. Àmì-ẹ̀yẹ ogun ni. Òun ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi dá àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà lọ́lá, àwọn tí ó bá ará Jámánì jà ní Kamẹrúùnù àti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà láàárín ọdún 1914 sí 1918, àti àwọn tí ó bá ará Japáànù jà ní Bọ́mà kí ogun tó parí ní 1945.

Ibi tí ojúlówó bá ti níye lórí ni ayédèrú ń gbé. Ní oṣù kìíní ọdún 1913, Ọba Wilhelm Kejì ti Jámánì dá àmì kan sílẹ̀ fún àwọn ológun tí ń wa ọkọ̀ òfúrufú. Adé wà lórí rẹ̀, ewé yí i ká, ọkọ̀ òfúrufú sì ń fò láàárín. Owó ńlá ni àwọn tí ń kó ohun àtijọ́ jọ fi ń wá a, nítorí náà ni àwọn oníjìbìtì ṣe ń rọ irú rẹ̀. Bákan náà ni ó lè rí fún tiwa.

Báwo ni a ó ṣe mọ ojúlówó? Èkíní, ẹ fi òòfà kàn án: fàdákà àti idẹ kì í lẹ̀ mọ́ òòfà. Èkejì, ẹ wo ojú rẹ̀ dáadáa. Ṣe ni a tẹ ojúlówó, nítorí náà lẹ́tà rẹ̀ a máa yọ gedegbe. Èyí tí a yọ́ dà sínú ẹ̀dà a máa ní ihò wínníwínní lójú. Ẹ̀kẹta, ẹ wo etí rẹ̀. Nọ́ńbà, ipò, orúkọ àti ẹgbẹ́ ọmọ ogun ni a tẹ̀ yí etí àmì fàdákà ti ogun 1914 sí 1918 ká. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 36. Bí ẹnì kan bá ha orúkọ kúrò kí ó lè kọ òmíràn, fífẹ̀ náà yóò dín. Ṣùgbọ́n Ìràwọ̀ Bọ́mà, oníigun mẹ́fà, kò ní orúkọ ẹnikẹ́ni lára nígbà tí a fún àwọn ọmọ ogun wa. Ìwé ìdásílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ogun ni ẹlẹ́rìí rẹ̀. Ẹ má ṣe yà wọ́n nípá.

Ní ti àtúnṣe, Ìlúpéjú jẹ́ àdúgbò ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ẹni tí yóò jó irin tàbí tí yóò mú un dán kò jìnnà. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Ìpara tí a fi ń dán idẹ ń jẹ lẹ́tà díẹ̀díẹ̀, iná sì ń fi àpá sílẹ̀. Aṣọ rírọ̀ ni kí a fi nu eruku kúrò. Bí òrùka rẹ̀ bá já, a lè fi òmíràn sí i láìlo iná. Bí ọ̀já bá gbó, a lè pààrọ̀ rẹ̀, kí a sì fi ògbólógbòó pamọ́. Kí a kọ ohun tí a ṣe àti ọjọ́ tí a ṣe é sínú ìwé.

Orúkọ ìlú ni a fi ṣe orúkọ kejì fún ọ̀pọ̀ ọmọ ogun ìgbà náà, bí irú Bẹ́lò Akúrẹ́, akọni tí ó gba àmì-ẹ̀yẹ nínú ogun 1914 sí 1918. Fún ẹlòmíràn tí kò mọ̀wé, ìlà kan tí ó wà létí fàdákà yìí lè jẹ́ àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo tí ó kù nílé rẹ̀ nípa ẹni tí ó jẹ́ àti ibi tí ó ti wá. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ náà ni yóò ha orúkọ baba-ńlá rẹ̀ dànù, kí irin lè dán.