Ìdí Tí Odò Fi Ń Kún Nígbà Tí Òjò Kò Rọ̀

Ẹ̀yin àgbẹ̀ Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ń dáko àkùrọ̀, ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé oṣù tí òjò yín pọ̀ jù lọ kọ́ ni oṣù tí odò ga jù lọ. Oṣù Kẹfà ni òjò máa ń pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n oṣù Kẹsàn-án sí Kẹwàá ni Odò Ògùn máa ń bo bèbè rẹ̀, nígbà mìíràn ní ọjọ́ tí ẹ̀kán òjò kan kò kán sí oko yín.

Òjò ọ̀nà jíjìn ni ẹ ń rí nínú odò. Láti ìhà Ṣakí ni Ògùn ti ń bọ̀, ó gba Abẹ́òkúta kọjá kí ó tó wọ inú ọ̀sà Èkó; láti ilẹ̀ Èkìtì ni Ọ̀ṣun ti ń bọ̀ wá sínú ọ̀sà Lẹ́kkí ní ìhà Ẹ̀pẹ́. Nígbà tí òjò bá sinmi lọ́dọ̀ yín ní oṣù Kẹjọ, ó ṣì ń rọ̀ lókè. Ilẹ̀ pàápàá ní ipa tirẹ̀: ilẹ̀ gbígbẹ a máa mu òjò àkọ́rọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí àrọ̀kúrò bá dé, ilẹ̀ ti mu àmuyó, omi tí ó kù yóò sì ya lọ sódò.

Ìsédò ńlá kan tún wà lórí Odò Ọ̀yán tí ń ṣàn sínú Ògùn, èyí tí a ṣí ní 1983. Bí adágún rẹ̀ bá kún, a ní láti tú omi sílẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá 2010, irú omi bẹ́ẹ̀ lé àwọn ará Ajégúnlẹ̀, lójú ọ̀nà Ìkòròdú, kúrò nílé wọn.

Nítorí náà, ẹ má ṣe gbin àgbàdo òjò kejì sí bèbè odò. Kò ní í gbó kí omi tó dé. Ilẹ̀ òkè ni kí ẹ gbìn ín sí. Ẹ hú ẹ̀gẹ́ tí ó wà ní àkùrọ̀ kí oṣù Kẹjọ tó parí, nítorí yóò jẹrà bí omi bá dúró lé e. Tẹ̀tẹ̀ nìkan ni mo lè fọwọ́ sí níbẹ̀ ní àkókò yìí. Nígbà tí omi bá fà, ẹrẹ̀ tí ó fi sílẹ̀ dára púpọ̀ fún ẹ̀fọ́ ẹ̀ẹ̀rùn.

Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ri ọ̀pá kan mọ́ etí odò, kí ẹ sì máa fi ọ̀bẹ sàmì sí ibi tí omi dé lójoojúmọ́. Nítòsí ọ̀sà, omi òkun a máa gbé odò sókè lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ìgbà tí omi bá fà tán ni kí ẹ wò ó. Bí àmì bá ń gòkè fún ọjọ́ mẹ́ta láìsí òjò, ẹ bẹ̀rẹ̀ ìkórè.

Ẹ̀yin ará Ìkòròdú, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí odò bá lọ sílẹ̀, omi iyọ̀ a máa wọ inú ọ̀sà láti òkun. Ẹ tọ́ ọ wò kí ẹ tó bu ú wọ́n ẹ̀fọ́. Ẹ̀pẹ́ jìnnà sí ẹnu òkun, omi tiwọn kì í sábà ní iyọ̀.