Ẹ̀rọ Ínsúlíìn àti Ẹni tí Ń Tọ́jú Aláìsàn

Bí ẹ bá rí àlejò kan tí ó ti ìlú Òyìnbó dé, tí ó so nǹkan kékeré kan mọ́ ìbàdí, tí okùn tín-ín-rín kan sì ti ara nǹkan náà wọ abẹ́ aṣọ rẹ̀ lọ, ẹ má ṣe rò pé ońdè ni. Kì í ṣe tẹlifóònù náà. Ẹ̀rọ tí ń fún ni ní ínsúlíìn ni. Àwọn mìíràn kì í ní okùn rárá; ṣe ni wọ́n ń lẹ gbogbo rẹ̀ mọ́ apá tàbí ikùn bí ẹni lẹ pálásítà.

Ọmọ wa, àbúrò wa, tàbí ìyàwó ọmọ wa lè gbé e sára wálé fún ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú. Bí àìsàn bá sì mú un lọ́dọ̀ wa, àwa ará ilé àti nọ́ọ̀sì ọsibítù ìtòsí ni yóò tọ́jú rẹ̀. Àwọn ọmọ wa tí ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì a máa rí ẹ̀rọ yìí lẹ́nu iṣẹ́ wọn. Níhìn-ín ńkọ́? Owó rẹ̀ pọ̀, àwọn tí ó ní in kò sì tó nǹkan. Nítorí náà, nọ́ọ̀sì lè mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa kí ó má tíì fojú kan ọ̀kan rí. Ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi kọ ẹ̀kọ́ yìí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ínsúlíìn ń ṣe. Oúnjẹ tí a bá jẹ, ìbáà ṣe ẹ̀bà, ìbáà ṣe ìrẹsì, a máa di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ á gbé ṣúgà náà dé ẹnu ọ̀nà gbogbo ẹ̀yà ara, ṣùgbọ́n ṣúgà kò lè dá ilẹ̀kùn ṣí. Ínsúlíìn ni ó ń ṣí i fún un. Ẹ̀yà ara kan tí ó wà lẹ́yìn àpòlúkù ni ó ń pèsè rẹ̀. Bí ínsúlíìn kò bá sí, oúnjẹ á kún ìta, ebi á sì máa pa àwọn ará inú ilé. Olúwarẹ̀ á máa jẹun, á sì máa rù. Á máa mu omi, òùngbẹ kò ní í tán. Á máa tọ̀ ṣáá. Èyí ni à ń pè ní àtọ̀gbẹ tàbí ìtọ̀ ṣúgà.

Ọ̀nà méjì pàtàkì ni àrùn yìí ń gbà mú ènìyàn. Èyí tí ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn àgbàlagbà, ara wọn ṣì ń pèsè ínsúlíìn díẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń lo oògùn oníhóró. Èkejì ni èyí tí ara kì í pèsè rẹ̀ mọ́. Ọmọdé àti ọ̀dọ́ ni ó sábà máa ń mú, bí ó tilẹ̀ lè mú àgbà. Kò sí àgbo, kò sì sí oògùn oníhóró tí ó lè rọ́pò ínsúlíìn fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Kí ọdún 1922 tó dé, ikú ni òpin wọn. Ní ìlú Toronto ní Kánádà ni Frederick Banting àti Charles Best ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ínsúlíìn ní 1921. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1922, wọ́n fún ọmọkùnrin ọlọ́dún 14 kan, Leonard Thompson, ní abẹ́rẹ́ rẹ̀. Ọmọ náà yè, ó sì tún lo ọdún 13 láyé.

Abẹ́rẹ́ ni gbogbo wọn ń gbà láti ìgbà náà. Ní 1963, dókítà kan ní Amẹ́ríkà, Arnold Kadish, ṣe ẹ̀rọ kan tí yóò máa fún ènìyàn ní ínsúlíìn, ṣùgbọ́n ó tóbi tó ẹrù tí sójà ń gbé sẹ́yìn. Ta ni yóò gbé ìyẹn lọ sọ́jà? Ní 1978, àwọn dókítà ní Lọ́ńdọ̀nù kọ̀wé nípa irú èyí tí ó kéré. Lónìí, àtẹ́lẹwọ́ gbà á.

Inú ẹ̀rọ náà ni ìgò kékeré kan wà tí a rọ ínsúlíìn sí. Okùn oníhò ti ibẹ̀ wá, ọ̀pá rírọ̀ kan tí kò nípọn ju òwú lọ sì wà ní orí rẹ̀, tí a tì bọ abẹ́ awọ ara, tí a fi pálásítà lẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí ọjọ́ 2 tàbí 3 bá ti pé, a ó pààrọ̀ rẹ̀ sí ojú ibòmíràn. Tọ̀sán-tòru ni ẹ̀rọ ń kán ínsúlíìn sí ara díẹ̀díẹ̀, bí omi tí ń kán láti ara àmù. Bí ẹni tí ó ni í bá fẹ́ jẹun, á ṣírò oúnjẹ rẹ̀, á tẹ bọ́tìnnì, ẹ̀rọ á sì fún un ní èyí tí ó pọ̀ díẹ̀. Àwọn tuntun tilẹ̀ wà tí ń bá ẹ̀rọ kejì sọ̀rọ̀, èyí tí a lẹ̀ mọ́ ara láti máa wo ṣúgà, tí wọ́n sì ń dín ínsúlíìn kù tàbí kí wọ́n fi kún un fúnra wọn. Ó dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí okùn bá ká tàbí tí ó dí, ọgbọ́n ẹ̀rọ kò lè tì í kọjá.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ dì mú nìyí. Ẹni tí ń gba abẹ́rẹ́ lásán sábà máa ń gba oríṣi ínsúlíìn méjì. Ọ̀kan dà bí iyán: bí a bá jẹ ẹ́, ó pẹ́ nínú, ó lè gbé ènìyàn dé ọjọ́ kejì. Èkejì dà bí ẹ̀kọ mímu: ó tètè ṣiṣẹ́, ó sì tètè tán. Inú ẹ̀rọ yìí, ẹ̀kọ mímu nìkan ló wà níbẹ̀. Kò sí iyán. Ara kò sì ní ohun kankan ní ìpamọ́. Nítorí náà, bí ẹ̀rọ bá dúró, tàbí tí ẹnìkan yọ ọ́, láàárín wákàtí mélòó kan ínsúlíìn á tán pátápátá lára onítọ̀hún. Ọ̀rá ni ara yóò wá máa jó, bí ìyá tí igi ìdáná rẹ̀ tán, tí ó ń la àga ilé láti fi dáná. Èéfín iná bẹ́ẹ̀ ni ohun kíkan kan tí àwọn dókítà ń pè ní kítóònù. Ó ń sọ ẹ̀jẹ̀ di kíkan, bí a kò bá sì tètè dá a dúró, ó ń pani.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wò ó. Wọ́n gbé obìnrin kan dé wọ́ọ̀dù ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́. Ibà ni. Ẹ̀rọ ìbàdí rẹ̀ ń dún pí-pí-pí, kò jẹ́ kí àwọn aláìsàn yòókù sùn. Nọ́ọ̀sì yọ ọ́, ó fi sínú dúrọ́ọ̀, ó fa omi sí aláìsàn lára. Kò ní èrò búburú kankan lọ́kàn. Kí ọ̀gànjọ́ tó pé, ṣúgà ti ń gòkè. Nígbà tí àkùkọ kọ, obìnrin náà ń bì, inú ń run ún. Wọ́n ní ibà náà ni. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ń mí gúlegúle, òórùn bí ti èso tó pọ́n jù ń jáde lẹ́nu rẹ̀, kò sì dá ènìyàn mọ̀ mọ́. Ibà ni wọ́n ń wò. Àìsí ínsúlíìn ni ó ń pa á lọ, bẹ́ẹ̀ ínsúlíìn náà wà nínú dúrọ́ọ̀ tí ó tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Nítorí náà: a kì í yọ ẹ̀rọ ínsúlíìn lára aláìsàn láìfi ínsúlíìn mìíràn rọ́pò rẹ̀. Dókítà ni yóò sọ èyí tí a ó fi rọ́pò, yálà èyí tí a pò mọ́ omi tí a ń fà sí iṣan, tàbí abẹ́rẹ́ èyí tó dà bí iyán. Èyí tó dà bí iyán kì í tètè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nítorí náà a gbọ́dọ̀ ti fún un ṣáájú kí a tó yọ ẹ̀rọ, kì í ṣe lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ bá ti bàjẹ́.

Kí ni nọ́ọ̀sì yóò kọ́kọ́ ṣe? Kí ó béèrè. Ẹni tí ó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, kò sì sí ìtìjú nínú kí nọ́ọ̀sì bi aláìsàn léèrè, nítorí ẹni tó ni ẹ̀rọ ti kọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀ ju gbogbo wa lọ. "Ẹ kú ara àìlera o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rọ ínsúlíìn kọ́ lẹ so mọ́dìí yẹn? Ìgbà wo lẹ pààrọ̀ okùn rẹ̀ kẹ́yìn? Ṣé ẹ ṣì lè máa tẹ̀ ẹ́ fúnra yín?" Bí ó bá dáhùn pé, "Mo lè tẹ̀ ẹ́, Sístà, àárọ̀ àná ni mo pààrọ̀ rẹ̀," tí ọkàn rẹ̀ sì já gaara, tí dókítà fọwọ́ sí i, ẹ jẹ́ kí ó máa bá ẹ̀rọ rẹ̀ lọ. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni láti máa wo ṣúgà rẹ̀ déédéé, kí ó máa kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó sì máa wo ojú ibi tí ọ̀pá wọ ara. Bí ibẹ̀ bá pọ́n, tí ó wú, tàbí tí pálásítà tutù, ínsúlíìn ń dà síta nìyẹn tàbí kòkòrò àrùn ti wọ ibẹ̀. Kí nọ́ọ̀sì má tẹ bọ́tìnnì tí wọn kò kọ́ ọ. Bí aláìsàn bá dákú, tàbí tí ó ń ṣe ràdàràdà, ọ̀rọ̀ di ti dókítà ní kíá.

Bí wọ́n bá fẹ́ gbé e sínú ẹ̀rọ onímágínẹ́ẹ̀tì tí à ń pè ní MRI, ẹ yọ ẹ̀rọ ínsúlíìn kúrò kí ó tó wọlé. Kí ó má pẹ́ ju wákàtí 1 lọ kí a tó dá a padà. Bí wọ́n bá fẹ́ ya fọ́tò egungun, ẹ bi aláìsàn tàbí dókítà léèrè. Ẹ kọ orúkọ aláìsàn sára ẹ̀rọ tí a bá yọ, kí ó má bàa bá aṣọ ìdọ̀tí lọ sílé ìfọṣọ.

Bí ṣúgà bá ju 250 lọ tí kò fẹ́ sọ̀kalẹ̀, ẹ fura sí okùn. Ẹ má tún gba inú ẹ̀rọ kan náà fún un ní ínsúlíìn. Sìríńjì ni kí ẹ lò, sìríńjì ínsúlíìn gan-an, kì í ṣe èyí tí a fi ń gún abẹ́rẹ́ ibà. Kí a wo kítóònù rẹ̀, kí a sì pààrọ̀ okùn àti ọ̀pá.

Òdìkejì rẹ̀ náà wà. Bí ṣúgà bá wálẹ̀ ju 70 lọ, ara á máa gbọ̀n, òógùn á bo olúwarẹ̀, á máa sọ̀rọ̀ bí ọ̀mùtí. Bí ó bá lè gbé nǹkan mì, ẹ fún un ní ṣúgà oníhóró 3 tàbí 4, tàbí ìlàjì ife mínírà tó dùn. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15, ẹ tún wò ó. Bí ó bá ti dákú, ẹ má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu o! Ẹ dá a dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ ṣí pálásítà náà kí ínsúlíìn má wọlé mọ́, ẹ sì sáré gbé e lọ sí ọsibítù. Ibí yìí ni a ti lè yọ ọ́ láìdúró de dókítà. Bí ó bá ti jí tí ṣúgà rẹ̀ sì gòkè, ínsúlíìn gbọ́dọ̀ padà.

Ọ̀rọ̀ nọ́ńbà tún wà, ó sì ń dẹ́rù bà wá. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ka ṣúgà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kékeré tí à ń lò nílé. Mmol/L ni tiwọn, mg/dL ni tiwa. Bí àlejò láti Lọ́ńdọ̀nù bá sọ pé, "Ṣúgà mi jẹ́ 14," nọ́ọ̀sì lè fò sókè pé ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, kí ó sì da ṣúgà sí i lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ 14 tiwọn jẹ́ 252 tiwa, ó ti pọ̀ jù tẹ́lẹ̀! Ẹ fi 18 sọ nọ́ńbà tiwọn di púpọ̀, ẹ ó rí tiwa: 4 tiwọn jẹ́ 72, 7 tiwọn jẹ́ 126.

Oòrùn ilẹ̀ wa kì í ṣe ọ̀rẹ́ ínsúlíìn. Kí èyí tí a kò tíì ṣí wà nínú fìríìjì, ṣùgbọ́n kì í ṣe níbi tí yìnyín wà. Èyí tí ó bá ti dì, ẹ dà á nù. Bí iná bá lọ fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ ti ìkòkò amọ̀ kékeré bọ inú ńlá, ẹ kó iyanrìn tútù sí àárín wọn, ẹ máa bomi rin ín, kí ẹ sì fi ínsúlíìn sínú ọ̀rá kí ó tó wọ inú ìkòkò kékeré. Ẹ má fi í sílẹ̀ nínú mọ́tò tí oòrùn ń pa. Kí àlejò náà sì kó bátìrì, okùn, àti ínsúlíìn wá ju iye ọjọ́ tí yóò lò lọ, pẹ̀lú sìríńjì àti ínsúlíìn tó dà bí iyán, bí ẹ̀rọ bá kọṣẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀wé kọ, ẹ bá a kọ káàdì kan ní ọjọ́ tí ó bá dé. Kí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, àti pé ara rẹ̀ kì í pèsè ínsúlíìn. Orúkọ ínsúlíìn tó wà nínú ẹ̀rọ, iye tí ó ń gbà láàárín wákàtí 24, iye èyí tó dà bí iyán tí dókítà rẹ̀ ní kí ó gbà bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́, àti nọ́ńbà tẹlifóònù àwọn tí ń tọ́jú rẹ̀ lókè òkun. Ẹ kọ ọ́ ní lẹ́tà gàdàgbà, ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì. Kí ọ̀kan wà nínú báàgì rẹ̀, kí èkejì wà lọ́wọ́ ará ilé tí yóò tẹ̀ lé e dé ọsibítù.