Ìwé Kan Tí Wọ́n Ti Tọ́ka Sí Lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún Ìgbà

BÁWO lẹ ṣe máa ń mọ̀ pé iṣẹ́ oníṣẹ́ kan dára? Tó bá jẹ́ káfíńtà ni, ẹ lè jókòó sórí àga tó kàn. Tó bá jẹ́ aránṣọ ni, ẹ lè wo aṣọ tó rán lára ẹni tó wọ̀ ọ́. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ń ṣèwádìí nípa àwọn èròjà tí wọ́n fi ń ṣe nǹkan wá ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wọn kì í ta ohunkóhun lọ́jà. Ìwé ni wọ́n ń kọ, àwọn onímọ̀ bíi tiwọn ló sì ń kà á.

Torí náà, ìtọ́kasí làwọn yunifásítì sábà máa ń kà. Bí onímọ̀ kan bá gbé iṣẹ́ rẹ̀ ka ohun tí ẹlòmíì ti ṣàwárí, ó gbọ́dọ̀ dárúkọ ìwé tó ti rí i. Ìtọ́kasí kan nìyẹn. Lọ́dún 2005, onímọ̀ físíìsì kan ní Amẹ́ríkà, Jorge Hirsch, dábàá bí wọ́n ṣe lè fi nọ́ńbà kan ṣoṣo díwọ̀n iye ìwé àti iye ìtọ́kasí pa pọ̀. H-index ni wọ́n ń pè é. Bí ẹnì kan bá kọ ìwé 10 péré, tí wọ́n sì ti tọ́ka sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn nígbà 10 ó kéré tán, 10 ni tirẹ̀. Ẹni tó kọ ìwé 100 tẹ́nikẹ́ni ò tọ́ka sí, òdo ló ní.

Àmọ́ kí ni nọ́ńbà yìí ń sọ fún wa gan-an? Ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ ọkùnrin kan tó ṣeé ṣe kí èso iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú fóònù yín.

Ìwé tó jáde lọ́dún 1980

Ọdún 1922 ni wọ́n bí John Goodenough sí orílẹ̀-èdè Jámánì, ọmọ Amẹ́ríkà sì làwọn òbí rẹ̀. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ìwé kíkà nira fún un gan-an. Ó ti lé lẹ́ni ọdún 55 kó tó ṣe iṣẹ́ tó sọ ọ́ di olókìkí. Stanley Whittingham ti kọ́kọ́ ṣe bátìrì lithium kan tí agbára rẹ̀ lé díẹ̀ ní volt 2. Ní Yunifásítì Oxford, Goodenough àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ lo èròjà tó ní cobalt àti ọ́síjìn nínú, agbára náà sì di volt 4. Wọ́n gbé ìwé jáde lórí rẹ̀ lọ́dún 1980. Yunifásítì náà ò tiẹ̀ fẹ́ gbàwé ẹ̀rí pé àwọn ló ni àwárí náà, Goodenough ò sì pín nínú èrè tó wá látinú rẹ̀.

Lópin ọdún 1982, Akira Yoshino, tó ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ Asahi Kasei ní Japan, ka ìwé náà. Apá kan bátìrì tó ń wá ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, apá kejì ló kù. Inú ìwé Goodenough ló ti rí i. Nígbà tó di ọdún 1985, ó fi carbon rọ́pò ohun tó ń lò tẹ́lẹ̀, bátìrì náà sì ṣeé lò láìséwu púpọ̀. Iléeṣẹ́ Sony bẹ̀rẹ̀ sí í ta irú bátìrì yìí lọ́dún 1991.

Ohun tí nọ́ńbà ò lè sọ

Ká ní ẹnì kan ń ka ìtọ́kasí nígbà yẹn, ẹyọ kan ṣoṣo ló máa ka ti Yoshino sí, bíi tẹni tó kàn dárúkọ ìwé náà lérèfé. Lónìí, wọ́n ti tọ́ka sí i lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ejò ń gun àgbọn.

Àwọn kan máa ń tọ́ka sí ara wọn léraléra kí nọ́ńbà wọn lè ròkè. Bí wọ́n bá tiẹ̀ tọ́ka sí ìwé kan torí pé ó lábùkù, wọ́n á ṣì kà á mọ́ ọn. Ẹni tó sì ń ṣèwádìí nípa amọ̀ tí wọ́n fi ń kọ́lé ládùúgbò rẹ̀ lè máà ní òǹkàwé púpọ̀, bó tiẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ máa ṣe ọ̀pọ̀ ìdílé láǹfààní.

Goodenough ò dúró síbẹ̀. Lọ́dún 1997, nígbà tó ti lé lẹ́ni 70 ọdún, òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Texas gbé ìwé míì jáde nípa èròjà tó ń lo irin, tí owó rẹ̀ kéré sí ti cobalt. Irú èròjà yẹn ló wà nínú ọ̀pọ̀ bátìrì lithium tí wọ́n ń so mọ́ inverter àti sólà nílé wa lónìí. Lọ́dún 2019, òun, Whittingham àti Yoshino jọ gba ẹ̀bùn Nobel. Ẹni ọdún 97 ni, kò sì tíì sẹ́ni tó dàgbà tó o tó gba ẹ̀bùn náà rí. Ó kú lọ́dún 2023, lẹ́ni 100 ọdún.

Tí ọmọ yín tàbí mọ̀lẹ́bí yín kan bá ń ṣèwádìí ní yunifásítì, ẹ má kàn bi í pé ìwé mélòó ló ti kọ tàbí ìgbà mélòó ni wọ́n ti tọ́ka sí i. Ẹ bi í pé: “Ta ló ti kà á, kí ló sì fi ṣe?”