Ṣé o mọ̀? Ohun tí o rí he ní olóhun

Ṣé o mọ̀ pé rírí nǹkan he lè sọ èèyàn di olè lójú òfin? Nínú Òfin Ìwà Ọ̀daràn gúúsù Nàìjíríà, abala 383, ẹni tó sọ ohun tó rí he di tirẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀sùn olè bí kò bá mọ olóhun, tó sì ní ìdí gúnmọ́ láti gbà pé a kò lè rí i. Bí nọ́ńbà fóònù olóhun bá wà nínú pọ́ọ̀sì ńkọ́? Àwáwí ti tán.

• Ní 1722, ilé ẹjọ́ kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ọmọdékùnrin kan láre, ẹni tó rí ohun ọ̀ṣọ́ he, tó gbé e lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ wúrà, tí ọmọṣẹ́ alágbẹ̀dẹ náà sì yọ òkúta iyebíye inú rẹ̀. Ilé ẹjọ́ náà ní ẹ̀tọ́ ẹni tó rí nǹkan he ju ti gbogbo èèyàn lọ, àfi ti olóhun.

• Ní Japan, ẹni tó fa owó tó rí he lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ lè gba ìdá 5 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́wọ́ olóhun.

Àwọn àgbà ti bi wá tipẹ́: ẹni tó rí nǹkan he tó fẹ́ kú torí rẹ̀, ẹni tó sọ ọ́ nù ńkọ́? Wá olóhun kàn.