Ṣé O Mọ̀? Ẹyẹ Òkun Tó Ń Yé Sórí Igi

Ṣé o mọ̀ pé ẹyẹ kan wà ní etíkun ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà àti Kánádà tó jẹ́ pé inú òkun ló ti ń pẹja jẹ, àmọ́ tí àsìkò àtiyé bá tó, igbó kìjikìji ló ń forí lé? Marbled murrelet ni wọ́n ń pè é. Kì í kọ́ ìtẹ́. Orí ẹ̀ka igi àgbà tó fẹ̀, tí ewéko múlọ́múlọ́ ti bò, ló ń yé sí. Ẹyin kan ṣoṣo péré! Takọtabo ló ń gba ìsàba lọ́wọ́ ara wọn: tí ọ̀kan bá sàba fún odindi ọjọ́ kan, èkejì á wà lójú òkun.

Ṣé o mọ̀ pé ọdún 1974 ni wọ́n tó kọ́kọ́ rí ibi tó ń yé sí lórí igi ní Amẹ́ríkà? Ọgbà igbó Big Basin ní California ni. Kì í ṣe onímọ̀ ẹyẹ ló rí i o. Ẹnì kan tó gun igi lọ ṣiṣẹ́, tó ti gòkè ju mítà 40 lọ, ló ṣe kòńgẹ́ rẹ̀.

Àwọn agégẹdú kì í jí ẹyin yìí, àmọ́ wọ́n ń kó o sínú ewu. Àárín igbó ni wọ́n ń sọ di etí igbó. Ibi tí oòrùn bá sì ti ráyè wọlé, igi eléso wẹ́wẹ́ á hù, Steller's jay, ẹyẹ aláwọ̀ búlúù tó ní ìyẹ́ ṣóńṣó lórí, á sì dé. Bó ṣe ń wá èso kiri ni yóò kan ẹyin murrelet, á sì jẹ ẹ́. Ẹyẹ ìwò náà ò gbẹ́yìn.

Ní British Columbia ní Kánádà, àwọn olùṣèwádìí gbé ẹyin àtọwọ́dá sórí igi láti dán èyí wò. Etí igbó tó kọjú sí ibi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé ni àwọn ẹyẹ ti yọ ọ́ lẹ́nu ju àárín igbó lọ. Níbi tí igi ti hù padà, ìyọnu náà rọlẹ̀.

Èérún búrẹ́dì àwọn tó wá ṣe fàájì náà ń kó jay jọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń bẹ àlejò Big Basin pé kí wọ́n ṣa gbogbo rẹ̀ nílẹ̀.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé àwọn olùṣèwádìí kun ẹyin adìyẹ kó lè jọ ti murrelet, wọ́n sì fi oògùn èébì sínú rẹ̀. Jay tó bá tọ́ ọ wò, kíá ló ti ń bì, kò sì ní fẹ́ rí irú ẹyin bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ọgbọ́n ńlá ni, ṣùgbọ́n kò lè dípò igi. Ẹ̀ka tó lè gba ẹyin yìí dúró máa ń lò ju 100 ọdún lọ kó tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.